Ìmúdọ́gba Kábúrétọ̀ Méjì àti Ìtúnṣe Síló Lára Triumph Bonneville T120

Kábúrétọ̀ Amal méjì ni ilé-iṣẹ́ Triumph ní Meriden, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi sára alùpùpù Bonneville T120 ti ọdún 1959, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, sílíńdà kan ni yóò máa ru ẹrù èkejì; etí lásán kò sì tó láti mọ èyí tó ń ru ú.

Síkúrù síló, èyíinì ni èyí tó ń díwọ̀n ìṣiṣẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí a kò yí tọ́rótù, ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Àṣìṣe gbáà ni. Bí okùn tọ́rótù bá le jù, ìdérí inú kábúrétọ̀ kì yóò jókòó sórí síkúrù náà rárá. Nítorí náà, okùn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dẹ̀ díẹ̀, kí ìdérí méjèèjì sì máa gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá gbóná tán, a ó pa á, a ó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kan, a ó sì fi í kan irin ara ẹ̀rọ. Sílíńdà kan ṣoṣo ni yóò wá máa ṣiṣẹ́. Síkúrù síló àti ti afẹ́fẹ́ ni a ó fi tún un ṣe títí yóò fi lè dá ṣiṣẹ́ láìkú. Bákan náà ni ti èkejì. Bí a bá dá wáyà padà, eré ẹ̀rọ yóò pọ̀ jù; ìwọ̀n kan náà ni a ó fi tú síkúrù síló méjèèjì.