Pípọ́n Ọ̀bẹ Nínú Ilé

Ọ̀bẹ tí ó kú ni ó gé ìyá mi lọ́wọ́ ní Ìrókò nígbà èwe mi, kì í ṣe èyí tí ó mú. Ẹ̀gẹ́ gàrí ni wọ́n ń bẹ. Ọ̀bẹ kò wọlé, wọ́n fi agbára tì í, ó sì yọ̀ bọ́ sí àtàǹpàkò wọn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń rán ọmọ wọ ilé ìdáná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ ọ̀bẹ yín wò.

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, àdá ni a mọ̀ ọ́n pọ́n, fáìlì ni a sì ń lò. Fáìlì a máa jẹ irin ọ̀bẹ jù. Òkúta ni kí ẹ lò. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ gbé e lé aṣọ tútù kí ó má baà yọ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀bẹ lé e, kí ẹ sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè tó ìbú ìka kan. Bí ọ̀bẹ bá kéré, kí ó dín sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: ọwọ́ wọn a máa ròkè rodò, ẹnu ọ̀bẹ a sì rí roboto. Ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ dì mú láti ìdí ọ̀bẹ dé ṣóńṣó.

Ẹ pọ́n apá kan títí etí irin tín-ín-rín yóò fi ká sí apá kejì. Ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rọra fi ìka nù ún láti ẹ̀yìn ọ̀bẹ wá sí ẹnu, yóò kọ́ yín lọ́wọ́. Nígbà náà ni kí ẹ yí i padà. Ní ìparí, ẹ máa pààrọ̀ apá méjèèjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí etí náà yóò fi já. Ẹ fi tòmátò tí ó pọ́n dán an wò: bí ó bá wọlé láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti mú.