Oúnjẹ àti Eré Ìdárayá: Èwo Ni Kí Ó Ṣáájú?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń jiyàn lé lórí ní ilé oúnjẹ: ìgbà wo ni ó yẹ kí ènìyàn ṣe eré ìdárayá? Àwọn kan ní kùtùkùtù ni, kí a tó fi ohunkóhun kan ẹnu. Àwọn mìíràn ní ìrọ̀lẹ́ ni. Lójú tiwa, kí a tó wo agogo, ikùn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí a bá jẹun, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ a máa lọ sí ikùn àti ìfun kí oúnjẹ lè dà. Bí a bá sì ń sáré, àwọn iṣan apá àti ẹsẹ̀ pẹ̀lú a máa béèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó jẹ iyán yó, tí ó sì bọ́ sí pápá lẹ́sẹ̀ kan náà, iṣẹ́ méjì ni ó rán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú rírun tàbí èébì lè tẹ̀lé e. Nítorí náà, lẹ́yìn oúnjẹ ńlá, pàápàá èyí tí ó lọ́ràá, ó dára kí a dúró fún wákàtí 2 sí 3 kí a tó gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ìpanu, nǹkan bí wákàtí 1 a máa tó.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí ṣe àwáwí láti lọ sùn bí ó bá ti jẹun tán. Ìrìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 lẹ́yìn oúnjẹ a máa ṣe ara lóore, nítorí àwọn iṣan tí ń ṣiṣẹ́ a máa lo ṣúgà tí oúnjẹ mú wọ inú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní ti òwúrọ̀, eré díẹ̀ kí a tó jẹun kò léwu fún ẹni tí ara rẹ̀ le, bí ó bá ti mu omi. Ṣùgbọ́n eré tí ó le tí ó sì pẹ́ lè mú kí òòyì kọ́ ẹni tí ikùn rẹ̀ ṣófo. Ìrọ̀lẹ́ ni ó sàn fún irú eré bẹ́ẹ̀: oòrùn ti rọlẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán ti dà, agbára iṣan sì sábà máa ń pọ̀ ní àkókò náà ju ti òwúrọ̀ lọ.

Olùkọ́ ni a ó jẹ́ lọ́la, ọwọ́ wa sì ni agogo ilé-ẹ̀kọ́ yóò wà. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, ọmọdé kan ń fà sẹ́yìn nígbà eré òwúrọ̀. A pè é ní ọ̀lẹ, a sì ní kí ó tún sáré yí pápá ká. Kò sáré jìnnà tí ó fi ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí ó jí, a gbọ́ pé láti ọ̀sán àná ni kò ti jẹun. Ojú tì wá gidigidi. Àwọn àgbà ti wí fún wa tipẹ́ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwa ni a kò rántí.

Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè, kí a tó fọn fèrè eré lówùúrọ̀: “Ta ni kò tíì jẹun nínú yín?” Ẹni tí ó bá nawọ́, ẹ jẹ́ kí ó jókòó sí ìbòòji, kí a sì wá nǹkan fún un jẹ.