Orúkọ Stradivari wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n Stradivari kọ́ ló ṣe é! Bí fáólíìnì àtijọ́ ṣe ń tan ọlọ́jà àti báńkì jẹ

Ohun kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ nílùú òyìnbó. Bàbá àgbà kú, àwọn ọmọ ń palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá bá àpótí eléruku kan nínú àjà. Wọ́n ṣí i, fáólíìnì ló wà níbẹ̀, ìyẹn gòjé àwọn òyìnbó tó ní okùn mẹ́rin, tí wọ́n máa ń fi àgbọ̀n dì mú. Wọ́n yọjú wo inú ẹ̀, wọ́n rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: Antonius Stradivarius Cremonensis Faciebat Anno 1721. Háà! Orí ti ṣe é! Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń pín owó tí wọn ò tíì rí.

Wọn ò kúkú jẹ̀bi. Antonio Stradivari tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ kì í ṣe èèyàn kékeré. Ìlú Cremona ní Ítálì ló ti ṣiṣẹ́, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní 1737. Ohun èlò orin tó ṣe lé ní ẹgbẹ̀rún kan, nǹkan bíi 650 ló sì kù láyé. Lọ́dún 2011, ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Lady Blunt, tó ṣe ní 1721 yìí kan náà, ni wọ́n tà ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé dọ́là. Fáólíìnì kan ṣoṣo o!

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Láàárín ọdún 1800 sí nǹkan bí ọdún 1930, àwọn oníṣẹ́ ní Markneukirchen ní Jámánì àti Mirecourt ní Faransé ń ṣe fáólíìnì olówó pọ́ọ́kú jáde bí ẹni ń yan búrẹ́dì, orúkọ Stradivari ni wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣé jìbìtì ni? Nígbà yẹn, rárá. Ẹni tó ń rà á mọ̀ pé ohun tí bébà yẹn ń sọ ni pé sítáì Stradivari ni wọ́n fi ṣe é, bí télọ̀ ṣe máa ń sọ pé sítáì lágbájá lòun rán fún yín. Ẹni tó rà á ló kú, tí àwọn ọmọ tó jogún ẹ̀ ò sì mọ nǹkan kan.

Àmì kan tiẹ̀ wà tí kò gba ìmọ̀ rárá. Lọ́dún 1890, Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí wọ́n máa kọ orúkọ orílẹ̀-èdè tí ọjà ti wá sára ẹ̀. Bí ẹ bá rí "Germany" lábẹ́ orúkọ Stradivari yẹn, ẹ gbé àpótí náà padà síbi tẹ́ ẹ ti rí i. Bàbá náà ti kú ní ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún ṣáájú òfin yẹn.

Àwọn tó mọṣẹ́ kì í tiẹ̀ kọ́kọ́ wo bébà. Ara igi ni wọ́n ń wò. Ìlà dúdú tín-ín-rín kan wà tó yí etí fáólíìnì ká: lára èyí tó dáa, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n gbẹ́ ihò fún tí wọ́n sì tẹ̀ bọ inú ẹ̀, lára ọ̀pọ̀ ayédèrú, yíǹkì lásán ni wọ́n fi fà á. Wọ́n á fi dígí kékeré àti iná wo inú ẹ̀, bóyá igi kéékèèké tó máa ń di àwọn igun mú wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n fi ìkánjú ṣe ni kò ní in. Wọ́n á wo orí ẹ̀ tó ká bí ìkarahun ìgbín, bí ọ̀bẹ ṣe gba ibẹ̀ kọjá. Ọwọ́ oníṣọ̀nà kan ò jọ ti èkejì, bí ìkọ̀wé ni.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ti òrùka igi. Lọ́dọọdún ni igi ń fi òrùka kan kún ara ẹ̀, ọdún tó dáa á fẹ̀, ọdún tí kò dáa á tín-ín-rín. Àwọn onímọ̀ á wọn àwọn òrùka ojú fáólíìnì, wọ́n á fi wé ti àwọn igi tí wọ́n ti mọ ọjọ́ orí wọn, wọ́n á sì mọ ọdún tí òrùka tó gbẹ̀yìn hù. Bí ọdún náà bá ti kọjá 1737, ẹjọ́ parí. Ṣùgbọ́n bí kò bá kọjá, ìyẹn nìkan ò tó, torí ayédèrú náà lè wá igi àtijọ́ rà.

Irú àyẹ̀wò yìí ló tú àṣírí kan ní ilẹ̀ Austria. Dietmar Machold kì í ṣe ẹni tó ń tajà lójú pópó o. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò fáólíìnì tó lókìkí jù láyé ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Vienna, ó ní ní Amẹ́ríkà, inú ààfin àtijọ́ kan ló ń gbé. Bó bá ti sọ pé Stradivari ni, Stradivari ni, ta ló fẹ́ jiyàn? Ó wá yáwó ńlá ní báńkì kan ní Jámánì, ó fi fáólíìnì méjì ṣe ìdógò. Òun kan náà ló sọ iye tí wọ́n tó! Nígbà tí gbèsè wó o mọ́lẹ̀ ní 2010, tí wọ́n yẹ igi wò, wọ́n rí i pé lẹ́yìn ikú Stradivari ni wọ́n gé igi tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Ohun tí báńkì gbà bíi mílíọ̀nù ò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan owó Yúróò lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó tún ta fáólíìnì àwọn tó gbé tiwọn fún un pé kó bá wọn tà, kò sì fún wọn lówó. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ni ilé ẹjọ́ Vienna dá fún un ní 2012. Ìdí nìyí tí àwọn tó gbọ́n kì í fi í jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan wọn, tàbí tó fẹ́ bá wọn tà á, nìkan dá iye lé e.

Àmọ́ ẹ má rò pé kìkì ọwọ́ tó ṣe é ló ń sọ iye tó tó. Nígbà tí ọkọ̀ Titanic ń rì ní oṣù kẹrin ọdún 1912, Wallace Hartley ni olórí àwọn tó ń lu orin nínú ẹ̀. Fáólíìnì ẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan, iṣẹ́ Jámánì lásán ni, àfẹ́sọ́nà ẹ̀ Maria ló fún un, wọ́n sì kọ ọ́ sára fàdákà tó wà lára ẹ̀. Nígbà tó jáde síta lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi òkun wọ igi náà lóòótọ́, bóyá fàdákà náà kì í ṣe ti àná. Wọ́n tà á ní Devizes ní England, lóṣù kẹwàá ọdún 2013, ní £900,000. Ara ẹ̀ ti sán, kò ṣeé lù mọ́.