Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fẹsẹ̀ rin igbó Sapo ní Liberia

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé àwọn àlejò ń lọ wo ẹranko igbó nílẹ̀ Áfíríkà, ọkọ̀ tó ń sáré kiri pápá Kenya tàbí Tanzania ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Liberia. Igbó kìjikìji ni tiwọn, ẹsẹ̀ ni ènìyàn sì fi ń wọ inú rẹ̀.

Èyí tó lókìkí jù níbẹ̀ ni igbó ọba Sapo, ní ìpínlẹ̀ Sinoe. Ọdún 1983 ni ìjọba dá a sílẹ̀. Lọ́dún 2003 tí ogun abẹ́lé parí, wọ́n tún fẹ̀ ẹ́ sí i. Ọ̀nà jìn láti Monrovia débẹ̀, òjò sì máa ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀ láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún ìrìn náà. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ FDA, àjọ ìjọba tó ń mójútó igbó, kí ẹ tó gbéra.

Nínú igbó, afinimọ̀nà ni yóò ṣíwájú, àwọn àlejò yóò tò tẹ̀lé e, ohùn yóò sì lọ sílẹ̀. Ọmọ ọdẹ nílẹ̀ Yorùbá kò ní rí nǹkan àjèjì nínú rẹ̀: kí a mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kí ẹranko má baà gbóòórùn ẹni, kí a mọ ìgbẹ́ erin tòní yàtọ̀ sí tàná, kí a sì yà fún ìjàlọ. Àmọ́ níhìn-ín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa nǹkan kan.

Ẹ má retí àtirí erinmi kékeré, ẹranko tó sọ Sapo di olókìkí. Òru ló ń jẹ̀, òun nìkan ló sì sábà máa ń rìn. Kò ju nǹkan bíi 275 kìlógíráàmù lọ, bẹ́ẹ̀ erinmi ńlá lè ju 1,500 lọ dáadáa. Kámẹ́rà tí wọ́n dè mọ́ igi làwọn onímọ̀ fi rí àwòrán rẹ̀ yà ní Sapo lọ́dún 2008. Àjọ IUCN ṣírò pé èyí tó kù nínú igbó kò ju 2,500 lọ, Liberia ló sì ní èyí tó pọ̀ jù. Ó ti gbé agbègbè Niger Delta ní Nàìjíríà rí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ó ti tán níbẹ̀.

Awakùsà àti ọdẹ ni ewu tó dojú kọ Sapo. Nígbà ogun ni àwọn tó ń wa góòlù ya wọ ibẹ̀. Ìjọba lé wọn jáde lọ́dún 2005, wọ́n sì tún padà. Ẹni tó ń wa góòlù tàbí tó ń ta ẹran ìgbẹ́ kì í dúró de àlejò kó tó rí owó. Afinimọ̀nà ní láti dúró, àlejò kò sì pọ̀, pàápàá lẹ́yìn tí àrùn Ebola jà lọ́dún 2014. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ, ẹ gba àwọn ará abúlé ibẹ̀ ṣe afinimọ̀nà, agbẹ́rù àti alásè. Bí ẹ bá sì rí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tí ẹ bá ń padà sí Monrovia, ẹ má rà á.