Ọpọlọ Ló Ń Pàṣẹ fún Táírọ́ìdì Ọrùn



Ìyàwó ilé kan lè máa sùn ṣáá, kí òtútù máa mú un nígbà tí àwọn yòókù ń làágùn, kí ó sì máa sanra láìjẹun púpọ̀. Àwọn kan a ní ọ̀lẹ ni, àwọn mìíràn a ní ayé ló ń ṣe é. Kí a tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ọlọ́hun Ọba fi síwájú ọ̀fun wa.

Táírọ́ìdì ni orúkọ rẹ̀, ó rí bí labalábá. Họ́mọ̀nù tó ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ bí ara yóò ṣe yára lo oúnjẹ, bí ọkàn yóò ṣe máa lù àti bí ara yóò ṣe gbóná tó. Ṣùgbọ́n kì í dá pàṣẹ fún ara rẹ̀. Apá ọpọlọ tí à ń pè ní hypothalamus ń rán TRH sí pituitary, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Pituitary a wá rán TSH sí táírọ́ìdì pé kí ó ṣiṣẹ́. Bí họ́mọ̀nù ọrùn bá ti tó, ọpọlọ a dẹwọ́. Bí ó bá dín kù, a tún pè é kíkankíkan.

Nítorí náà, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé TSH ga tí họ́mọ̀nù táírọ́ìdì sì kéré, kì í ṣe pé táírọ́ìdì ń ṣiṣẹ́ jù. Ọpọlọ ló ń pè é, tí kò lè jẹ́ ìpè.

Gẹ̀gẹ̀ náà lè ti ibẹ̀ wá. Bí áyódíìnì kò bá tó nínú oúnjẹ, táírọ́ìdì kò ní rí ohun èlò, ìpè TSH kò sì ní dáwọ́ dúró, títí ọrùn yóò fi wú. Ẹ máa ra iyọ̀ tó ní áyódíìnì, pàápàá bí aboyún bá wà nílé, nítorí ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀.

Ẹni tí dókítà bá fún ní levothyroxine, kí ó máa fi omi lò ó nígbà tí inú bá ṣófo, ní ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú oúnjẹ. Kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀ torí pé ara yá. Bí Ramadan bá ń bọ̀, kí ó tètè bá dókítà ṣètò àsìkò rẹ̀, yálà ṣáájú sààrì tàbí nígbà tí a bá fẹ́ sùn.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo wa ní àlàáfíà. Àmín.