Eruku Tó Ń Bọ́ Lára Ọmọ Ogun Orí Tábìlì

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe eré ogun òde òní mu. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n, pàápàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí eré náà ti gbilẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Irú eré wo ni?

Èèyàn méjì kojú ara wọn nídìí tábìlì tí wọ́n to òkè, ilé àti ọ̀nà kéékèèké sí. Wọ́n ń fi rúlà wọn ibi tí ọkọ̀ ogun lè rìn dé, wọ́n sì ń da dáìsì láti mọ̀ bóyá ìbọn bà. H. G. Wells ti kọ òfin irú eré báyìí sínú ìwé Little Wars ní 1913. Èyí tó jẹ mọ́ ogun òde òní ni Team Yankee, tí ilé-iṣẹ́ Battlefront ti New Zealand gbé jáde ní 2015. Táǹkì Soviet àti ti Amẹ́ríkà ló ń kojú ara wọn níbẹ̀. Ọmọ ogun rẹ̀ kò ga ju nǹkan bíi mìlímítà 15 lọ. Nínú àwọn eré mìíràn, ó ń tó 28, bí oríkèé àkọ́kọ́ àtàǹpàkò.

Wọn kì í sábà tà wọ́n ní píparí. Apá lọ́tọ̀, ìbọn lọ́tọ̀, kò sí ọ̀dà lára wọn. Ẹni tó rà wọ́n ni yóò gé wọn, tí yóò ha wọ́n, tí yóò lẹ̀ wọ́n, tí yóò sì kùn wọ́n. Ìgbà yẹn gan-an ni ewu wà, kì í ṣe ìgbà tí eré ń lọ.

Òjé

Láyé àtijọ́, òjé tí wọ́n pò mọ́ tánńganran ni wọ́n fi ń rọ púpọ̀ nínú wọn, torí ó tètè ń yọ́, kò sì wọ́n. Ní agbègbè Nottingham ní England, àwọn tó ń rọ ọ́ pọ̀ débi pé Lead Belt, ìyẹn ẹkùn òjé, ni àwọn tó ń ṣe eré náà ń pe ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yí padà sí irin tí kò lójé nínú. Ṣùgbọ́n àwọn ti àtijọ́ ṣì wà lọ́jà, ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń tà wọ́n.

Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí ojú mọ́ọ̀dù méjì ti pàdé. Ẹ gbé fáìlì irin lé e, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyẹ̀fun kan tó dà bí eérú á bọ́ sórí àtàǹpàkò yín, kò tó ohun tí èèyàn ń bojú wò. Ẹ wá fi ọwọ́ kan náà mú búrẹ́dì. Òjé ti wọnú yín nìyẹn.

Kì í ṣe fífọwọ́ kan irin náà ló ń ṣèjàǹbá. Ẹnu àti imú ni òjé ń gbà wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Èyí tó bá wọ ikùn ọmọdé, ara rẹ̀ ń fà á mu ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà, ọpọlọ ló sì ń bà jẹ́. Bí aboyún bá gbé e mì, ó lè dé ara ọmọ inú. Àwa ọmọ Nàìjíríà ṣáà rántí Zamfara ní 2010: eruku òjé láti ara òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín agboolé pa ọmọdé tó 400. Eruku ti ìdí tábìlì eré kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ má ha á ní gbígbẹ. Ẹ rẹ fáìlì sómi, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu ibẹ̀; ẹ má gbá a, torí ìgbálẹ̀ á tún gbé eruku náà sókè ni. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí lórí tábìlì oúnjẹ. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun lára ọmọ ogun tó ti pẹ́ nínú àpótí igi, òjé tó ń jẹrà ni, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ.

Résìn

Résìn, ìyẹn irú ike líle kan tí wọ́n tún fi ń ṣe ọmọ ogun, kò lójé, àmọ́ eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi ha òun náà, kí ẹ sì lo ìbòmú tó ń sé eruku. Résìn olómi tí wọ́n fi ń tẹ ọmọ ogun jáde nínú ẹ̀rọ 3D tún le jù: kí ó tó gan, ó lè sọ ara di èyí tí kò ní gbà á mọ́ láé, tí yóò máa yún ẹni. Ìbọ̀wọ́ kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Gúlúù àti abẹ

Súpà gúlúù ń lẹ awọ mọ́ awọ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Bí ìka méjì bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ má fà wọ́n ya. Ẹ kì wọ́n bọ omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ máa yí wọn díẹ̀díẹ̀. Òwú ni èèyàn kì í fura sí. Bí gúlúù yìí bá dà sórí òwú tàbí aṣọ olówùú, ooru ń jáde, ó lè rú èéfín, ó sì lè jó ara. Ẹ má fi ẹ̀wù nù ún láé.

Ní ti abẹ, èyí tó ti kú ló ń ṣeni léṣe jù, torí agbára lèèyàn ń fi tì í. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, ẹ sì máa gé síwájú, kì í ṣe síhà ọwọ́ tó di ọmọ ogun mú.

Ọ̀dà

Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ má ṣáà fi ètè lá ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kó lè mú ṣóńṣó, torí àwọn àwọ̀ kan ní kádímíọ̀mù, irin olóró, nínú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti fín èyí tó wà nínú agolo, níbi tó jìnnà sí iná.

Bí ẹ bá ń fura

Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín bóyá òjé wà nínú irin náà. Bí kò bá mọ̀, ẹ kà á sí olójé. Bí ọmọ yín bá sì ti ń ha irú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìfọwọ́, ẹ má dúró de àìsàn, torí òjé lè wà lára láìfara hàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn. Ẹ mú ọmọ náà lọ bá dókítà, kí ẹ sì sọ ohun tó ń ha fún un.