Ojú pákó ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹrà: bẹ́ ẹ ṣe lè gba ṣẹ́ẹ̀fù balùwẹ̀ yín lọ́wọ́ omi

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni ṣẹ́ẹ̀fù balùwẹ̀ mi já lulẹ̀ nílé tí mò ń gbé ní Gowon Estate. Ọmọ àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán ni, kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó jáde tá a fi gbọ́ gbàà! Ìgò ìpara fọ́ káàkiri ibi tó dúró sí. Ọlọ́run ló yọ wá.

Nígbà tí mo gbé pákó náà, ẹnu yà mí. Ojú rẹ̀ tí wọ́n kùn ní fáńíṣì ṣì ń dán, àmọ́ ẹ̀yìn tó kọjú sí ògiri ti dúdú, ibi tí skúrù wọlé sí sì ti rọ̀ bí ẹ̀bà. Mo pe káfíńtà tó ṣe é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní kówó ẹ̀ má pọ̀. Ojú nìkan la kùn." Òótọ́ ló sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Igi ní àwọn ihò tín-ín-rín nínú, òun ló fi ń fa omi láti gbòǹgbò lọ sókè nígbà tó wà láàyè. Tí ayùn bá gé e, ẹnu ihò yẹn ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ìdí rèé tí etí ibi tá a gé fi ń mu omi ju ojú pákó lọ fíìfíì. Bẹ́ ẹ bá sì fi omi gbígbóná wẹ̀, oru rẹ̀ á lọ bá ògiri tútù, á di omi padà. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀fù tó lẹ̀ mọ́ ògiri ò ní rí atẹ́gùn tí yóò fi gbẹ.

Tí omi inú pákó ò bá tó ìdá 20 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ nígbà tó gbẹ, kì í sábà jẹrà. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tó sì pẹ́ níbẹ̀, ohun kan tó jẹ́ ìbátan olú á hù sínú rẹ̀, á máa jẹ ẹ́. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Kí lẹ máa wá ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ wo irú igi. MDF, tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù ṣe, máa ń wú bíi búrẹ́dì inú tíì tómi bá wọ̀ ọ́, kì í sì í padà. Arère àti afàrà fúyẹ́, àmọ́ wọ́n tètè ń jẹrà. Ìrókò àti apá ló ń fara da omi.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu gbogbo ihò skúrù kí wọ́n tó kùn ún. Kí pákó gbẹ dáadáa, kí wọ́n fi sánpépà ha á, kí wọ́n wá kun ojú, ẹ̀yìn àti etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó di mẹ́fà. Fáńíṣì polyurethane dára. Ẹ̀ẹ̀mẹta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí wọ́n tó kun òmíràn. Kí wọ́n fi kún ti etí, kí wọ́n sì kán an sínú ihò náà. Skúrù tí kì í dógùn-ún ni kẹ́ ẹ rà.

Ìkẹta, ẹ fi àlàfo bí ìbú ìka kan sílẹ̀ láàárín pákó àti ògiri. Tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ ṣí fèrèsé. Fáànù tó ń fa oru jáde dáa lóòótọ́, àmọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?

Tí ṣẹ́ẹ̀fù yín bá ti wà lára ògiri, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ skúrù. Tó bá rì wọlé, ẹ tètè sọ ọ́ kalẹ̀. Pákó tuntun ṣeé rà. Orí ọmọ ò ṣeé rà.